Ta Ló Ń Gé Koríko fún Ẹṣin Ọba?

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ohun tó mú kí Ọ̀yọ́ Ilé lágbára, ẹṣin ni ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé Ìtàn tí à ń lò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń kọ́ wa: Aláàfin ní ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, àwọn Ẹ̀ṣọ́ 70 jẹ́ akọni lójú ogun, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló ń ṣáájú wọn, kò sì sí ilẹ̀ títẹ́jú tí ẹṣin lè sáré dé tí wọn kì í ti í bẹ̀rù Ọ̀yọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti JSS 1 tí mo ti ń ka ìtàn yìí, n kò tíì rí ìbéèrè ìdánwò kan tó bi wá pé ta ló ń fún àwọn ẹṣin náà lómi. Ta ló ń gé koríko fún wọn? Ta ló ń kó ìgbẹ́ wọn? Bí ọmọ kékeré kan bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹṣin, ta ló ń fi hàn án? Ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ wádìí nínú àròkọ yìí, nítorí mo rò pé ibẹ̀ la ti máa rí ọ̀kan nínú ohun tó tú ilẹ̀ ọba ńlá náà ká. Ọ̀rọ̀ náà tún kan ilé wa, n óò sì sọ bó ṣe kàn wá tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹṣin kì í ṣe ẹran tí ilẹ̀ wa gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Ewúrẹ́ lè máa jẹ̀ kiri ojúde ẹnikẹ́ni kó sì bímọ síbẹ̀, adìẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin tó bá wọ inú igbó gúúsù kì í sábà pẹ́ láyé. Eṣinṣin kan tí wọ́n ń pè ní tsetse ló ń fa ikú rẹ̀. Bí eṣinṣin náà bá ti gé ẹṣin jẹ, kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara ẹṣin á máa gbóná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa dínkù, á máa rù, títí á fi ṣubú. Nǹkan bí ọdún 1895 ni David Bruce, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, rí kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran ní Zululand, ní gúúsù Áfíríkà, tó sì fi hàn pé eṣinṣin yẹn ló ń gbé e kiri. Lákòókò yẹn, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro fún nǹkan bí 60 ọdún.

Ìlú náà wà lókè lọ́hùn-ún, ní apá àríwá, nínú ọ̀dàn, kò sì jìnnà púpọ̀ sí odò Ọya. Igi kò ṣú níbẹ̀ bíi ti ìsàlẹ̀, eṣinṣin náà kò sì pọ̀ tó ti inú igbó, nítorí náà ẹṣin lè gbé níbẹ̀. Pé ó lè gbé níbẹ̀ kò wá sọ pé ó rọrùn láti sìn. Lọ́wọ́ àwọn ará àríwá ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin Ọ̀yọ́, láti ọ̀dọ̀ àwọn Tápà, àwọn Ìbàrìbá àti àwọn Haúsá. Èyí tó bá kú, wọ́n ní láti ra òmíràn dípò rẹ̀.

Owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Leo Africanus, arìnrìn-àjò tó kọ̀wé nípa Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ pé ní Bornu, ẹrú 15 sí 20 ni wọ́n ń fi gba ẹṣin kan. Bornu kì í ṣe Ọ̀yọ́, iye tí Ọ̀yọ́ ń san sì lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n irú ọjà kan náà ni: èèyàn ni wọ́n ń fi ra ẹran. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé fúngbà díẹ̀. Àwa 40 la wà ní kíláàsì wa. Bí wọ́n bá kó gbogbo wa lọ sí ọjà yẹn, ẹṣin méjì ni wọn yóò fà bọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí ẹ̀kẹta.

Ohun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ní láti máa dúró tì í lójoojúmọ́. Ẹ wo omi nìkan. Ẹṣin kan lè mu tó 30 lítà lóòjọ́. Bí oòrùn bá mú, tàbí tó bá sáré, á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì ńlá tí a fi ń pọnmi nílé, lítà 25 ló ń gbà. Ẹṣin kan ṣoṣo yóò mu ún tán, yóò tún máa wojú ẹni. Ká ní ẹṣin 100 péré ló wà lágbàlá olóyè kan, 3,000 lítà nìyẹn. Bí ìkòkò kan bá ń gba 20 lítà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹnì kan yóò ru ìkòkò sórí lọ sódò kó tó tó wọn, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn odò kékeré ọ̀dàn máa ń gbẹ. Ọ̀la, ó tún di kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Koríko tún wà níbẹ̀. Ẹṣin kì í jẹun bíi màlúù. Màlúù á jẹ, á lọ dùbúlẹ̀ síbì kan, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Ní ti ẹṣin, ikùn rẹ̀ kéré sí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ní láti máa jẹ, tọ̀sán-tòru. Kò sì lè bì. Bó bá jẹ koríko tó ti bu, tàbí tí wọ́n fún un ní ọkà bàbà jù, kò sí bó ṣe lè dà á padà, inú rírun sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń gé koríko ní láti mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, bí ìyá wa ṣe ń mọ ẹ̀fọ́ lọ́jà. Pátákò rẹ̀ náà ń hù bí èékánná, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Òkúta lè há sábẹ́ rẹ̀, ẹlẹ́ṣin á wà lókè tí kò ní mọ̀. Gàárì tí kò bá ẹ̀yìn ẹṣin mu á dá egbò sí i lára, egbò náà á sì sọ ẹṣin tó tó èèyàn 15 di ohun tí kò wúlò fún ogun.

Kò sí ìkankan nínú iṣẹ́ yìí tí èèyàn lè kọ́ lọ́jọ́ kan. Láti kékeré ni, nídìí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó sì ti dàgbà sídìí ẹṣin bẹ́ẹ̀, àríwá ni wọ́n wà. Ohun tí Ọ̀yọ́ wá ṣe ni pé ó ra àwọn náà, bó ṣe ra ẹṣin. Àwọn ẹrú Haúsá ni wọ́n fi sídìí ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin wọn. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 àmọ́ tí wọn kò rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹrú Haúsá tó wà ní Ọ̀yọ́: ó ní onígbàjámọ̀ ni wọ́n, wọ́n ń ṣe okùn, wọ́n sì ń da màlúù. Mo dúró sórí okùn yẹn díẹ̀. Ta ló ń lo okùn ju ẹlẹ́ṣin lọ?

Àní lójú ogun pàápàá, oúnjẹ ẹṣin ló ń pàṣẹ. Ní 1726, Ọ̀yọ́ kọlu Dàhòmì, nígbà tí Agaja jọba níbẹ̀. Igbó kò dí lápá ibẹ̀, ẹṣin sì rí ọ̀nà gbà lọ sí gúúsù. Láàárín ìgbà náà sí 1730, Ọ̀yọ́ lọ síbẹ̀ léraléra. Agaja gbọ́n. Bó bá ti gbọ́ pé ẹlẹ́ṣin ń bọ̀, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ á sá wọ inú igbó, wọ́n á máa dúró. Wọ́n mọ̀ pé àwọn àlejò náà kò lè pẹ́. Bí oúnjẹ ẹṣin bá ti tán, tí òjò sì ti ń ṣú, Ọ̀yọ́ á padà sílé. Dàhòmì padà san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di àkókò ọba Gezo, ṣùgbọ́n ogun yẹn fi hàn pé ibi tí koríko bá pin sí ni agbára Aláàfin pin sí.

Ibi tí mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi dúró sí jù ni ọdún 1817. Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà ní Ìlọrin nígbà náà, ó sì ti kọ̀yìn sí Aláàfin. Òun àti Álímì, àlùfáà Fúlàní tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹrú Haúsá tó wà káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́: ẹni tó bá sá wá sí Ìlọrin ti bọ́ lóko ẹrú. Wọ́n sì sá wá. Ẹ ronú sí òwúrọ̀ ọjọ́ náà lágbàlá olóyè kan ní Ọ̀yọ́. Ẹṣin wà lórí ìso, ebi ń pa á, ó ń fi pátákò họ ilẹ̀. Olóyè jáde, ó pe ẹni tó máa ń dá a lóhùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹni tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ẹṣin yìí ń dùn ún, tó mọ iye ọkà tí kò gbọdọ̀ jù, ti wà lójú ọ̀nà Ìlọrin, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹṣin mìíràn lágbàlá yẹn ló gùn lọ.

Àwọn kan náà ni wọ́n di ọmọ ogun Ìlọrin. Nígbà tó yá, wọ́n pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀, Abdulsalami ọmọ Álímì sì di ẹ́míà. Ìlọrin wà lójú ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wá láti àríwá, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin fún Ọ̀yọ́ kò rọ́nà gbà mọ́. Ẹlẹ́ṣin wá di ti Ìlọrin. Ìlú kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n tú, àwọn èèyàn sì ń sá bọ̀ ní ìsàlẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ ti ṣófo, Àtìbà sì lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà.

N kò ní sọ pé ẹṣin nìkan ló fà á. Ìjà Aláàfin àti Ọ̀yọ́ Mèsì ti wà tipẹ́, Baṣọ̀run Gáà ti da ìlú rú, àwọn Ẹ̀gbá ti gbòmìnira. Olùkọ́ wa fẹ́ràn kí a máa ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti kà á báyìí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìlú tó ní ẹṣin, tí ìmọ̀ títọ́jú ẹṣin sì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó fi ipá dè mọ́lẹ̀, kò tíì ní ẹṣin. Ọjọ́ tí okùn bá já, ohun méjì ló máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, Ọlọ́kùn-ẹṣin ńkọ́? Oyè ńlá ni láàfin, orúkọ rẹ̀ sì fi hàn pé okùn ẹṣin ọba ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa oyè yẹn, ikú rẹ̀ ni wọ́n sọ jù, nítorí ó wà lára àwọn abọ́bakú. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní December 1944, Ọlọ́kùn-ẹṣin múra láti tẹ̀ lé e ní January 1945, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan ní kí wọ́n mú un kó má baà kú, ọmọ rẹ̀, Murana, sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ kọ eré lórí rẹ̀, Wọlé Ṣóyínká náà kọ tirẹ̀. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé gbogbo ayé mọ bí ọmọ yẹn ṣe kú, n kò sì rí ìlà kan tó sọ bóyá bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹṣin.

Ní ìsàlẹ̀ tiwa níbí, ẹṣin di ọ̀rọ̀ ẹnu ju ohun tí a ń fọwọ́ kàn lọ. Ní 1840, Ìbàdàn dá ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró ní Òṣogbo, wọn kò sì rí igbó wọ̀ kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìlú Yorùbá tí wọn kì í ti í sọ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, kódà níbi tí èèyàn ti lè dàgbà láìrí ẹṣin méjì lójú kan náà. Ẹ wo iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére náà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sára òpó. Bíi ti ọ̀pọ̀ ère ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ wa, ẹni tó wà lókè á tóbi, á gún régé, ẹṣin á sì kéré lábẹ́ rẹ̀ bí àga ìjókòó. Wọ́n kọ́ wa pé nítorí kí a lè mọ ẹni pàtàkì ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Àmọ́ kò sí ọmọ odò tó ń gbé garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ilé wa ló kàn. Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé, ọ̀kan lára àwọn ìdílé Balógun tó ń gun ẹṣin jáde níwájú Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, sì ni ìdílé wa. Ayẹyẹ náà ti lé ní 100 ọdún. Lọ́dún yìí, àwọn àgbà ilé pinnu pé àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, náà yóò gun ẹṣin. Wọ́n dá aṣọ fún un, wọ́n ra fìlà, wọ́n yan ẹni tí yóò ya fọ́tò. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú Iléyá, ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn ẹṣin dé láti àríwá, pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́jú wọn, wọ́n sì so wọ́n mọ́ abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú náà kò lè jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní Katsina ni òun ti wá, àtọmọ ọdún márùn-ún sì ni bàbá òun ti ń mú òun lọ sídìí ẹṣin. Kò lọ sílé ìwé mọ́.

Àbúrò mi sáré lọ síbẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ kan ìrù ẹṣin. Ọmọkùnrin yẹn gbé e kúrò nílẹ̀, ó sì lọ gbé e kalẹ̀ lápá ọ̀tún. "Má gba ẹ̀yìn," ó sọ ọ́ pẹ̀lú Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́. "Kò rí ẹ. Sọ̀rọ̀ kí o tó dé." Òótọ́ ló sọ: ẹṣin kì í rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kì í sì í rí ohun tó wà níwájú orí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni kí èèyàn gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó máa pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, kò jẹ́ kó gùn ún. Lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú, kò gbà. Omi ló ní kó máa gbé, garawa kékeré, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Mo dúró tì wọ́n, mo ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, nítorí n kò rí i kà nínú ìwé kankan. Ó kọ́ ọ pé bí etí ẹṣin bá dojú kọ iwájú, ó ń tẹ́tí. Bó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn orí, kí ọmọdé kúrò níbẹ̀. Ó kọ́ ọ pé kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ bó bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, kí ẹṣin má baà ka ìka mọ́ ọn. Ohun tó tẹnu mọ́ jù ni okùn. Àbúrò mi ti wé e mọ́ ọwọ́ kó lè di í mú dáadáa. Ó tú u, ó sì ṣe bí ẹni tí ẹṣin ń wọ́ lọ nílẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ó wá ní kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, òun ti rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Èèyàn kì í wé okùn ẹṣin mọ́ ọwọ́. Ó máa ń ká a lélẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ ni, kó lè jù ú sílẹ̀ nígbàkígbà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jẹ́ kó gbé pátákò kan, ó sì fún un ní irin kékeré láti fi ha ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀ kúrò, láti gìgísẹ̀ lọ sí iwájú. Òkúta kan já bọ́. Àbúrò mi mú un lọ fi han Ìyá àgbà bí ẹni tó rí góòlù.

Ọjọ́ keje ló tó gun ẹṣin. Ní Ojúde Ọba, kò ṣubú, kò sì sunkún, àwọn èèyàn sì ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa. Nínú fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀, wọ́n ti gé ọmọkùnrin tó di okùn ẹṣin mú kúrò.

Lọ́jọ́ kejì ayẹyẹ, ọkọ̀ akẹ́rù padà dé. Ẹṣin wọlé sínú ọkọ̀, olùtọ́jú wọlé, abẹ́ igi máńgòrò ṣófo. Àbúrò mi bi mí pé, "Àǹtí, ta ló máa fún wọn lómi lójú ọ̀nà?" Mo ní àwọn náà ni. Ó tún ní, "Tí wọn ò bá wá mọ́ ńkọ́?"

Mo gbé ìbéèrè yẹn lọ bá Bàbá àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ǹjẹ́ a ò lè mú ẹṣin kan sílé láti ìsinsìnyí títí di Iléyá tó ń bọ̀, kí ọmọkùnrin Katsina yẹn sì bá wa gbé, kí á máa san owó oṣù fún un, kó lè máa kọ́ àwọn ọmọ ilé?" Wọn kò bínú. Wọ́n ní ẹbí máa ṣèpàdé lóṣù tó ń bọ̀, kí n kọ ohun tí yóò ná wa sílẹ̀. Mo ti ń kọ ọ́. Mo kọ omi, 30 lítà lóòjọ́. Mo kọ koríko àti èérí ọkà bàbà. Mo kọ abẹ́rẹ́ tí dókítà ẹran máa ń gún ẹṣin nítorí àìsàn eṣinṣin yẹn, ohun tí Ọ̀yọ́ Ilé kò rí lò. Mo kọ owó oṣù olùtọ́jú, mo sì fi àlàfo sílẹ̀ síwájú ibi tí mo kọ "ẹni tí yóò máa jí gé koríko láago mẹ́fà àárọ̀" sí. Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé lánàá, mo rí i pé àbúrò mi ti fi bírò pupa kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀.